Ẹ tan iná táǹkì yín, omi ni kí ẹ lọ wò

Wọ́n tún ti sọ ọ́ létí mi. Ibi ìsọmọlórúkọ kan ní Adéwọlé ni, lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá. Àáfà ṣẹ̀ṣẹ̀ parí àdúà, wọ́n ń pín ìrẹsì, ni àbúrò ọ̀rẹ́ mi kan bá wá jókòó tì mí. Òun náà ti ra táǹkì ẹja òkun, ó ti kó iyùn sí i, àmọ́ èpò omi, irú èyí tó máa ń yọ̀ létí àmù, ti bo gbogbo rẹ̀. Mo bi í pé kí ni wọ́n ní kó ṣe.

"Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ní kí n pa iná táǹkì fún ọjọ́ mẹ́ta, kí n faṣọ bò ó. Wọ́n ní iná ló ń bí i."

Mo gbé ìrẹsì sílẹ̀.

Tó bá jẹ́ òkùnkùn ló ń pa èpò omi, ṣé ó yẹ kí ẹyọ kan ṣẹ́ kù ní Ìlọrin, pẹ̀lú irú iná tí à ń rí yìí? Nígbà tí tíráńsífọ́mà àdúgbò wa ní Tanke jó, ọjọ́ mọ́kànlá la fi wà lókùnkùn. Ínfátà mi ò lè gbé ju pọ́ǹpù lọ, nítorí náà gílóòbù táǹkì ò tàn rárá. Irun aláwọ̀ ewé orí àpáta rọ, ó ṣá, mo ti ń dúpẹ́. Iná dé, kò pé ọ̀sẹ̀ méjì, ó ti gùn bí irun àgbàdo. Iyùn márùn-ún ni mo ní nígbà náà. Méjì ló kù.

Iyùn tí mò ń wí kì í ṣe ti ọrùn ọba o. Ẹranko abẹ̀mí ni, ó sì gba àwọn èpò tíntìntín kan sínú ẹran ara rẹ̀ tí wọ́n ń fi ìmọ́lẹ̀ se oúnjẹ fún un. Ẹni tó bá paná nítorí èpò, onílé ló ń febi pa nítorí olè.

Ajílẹ̀ ló ń bí i. Ẹ bi àgbẹ̀ èyíkéyìí ní Òmù-Àrán ohun tó wà lára àpò ajílẹ̀ rẹ̀: N, P, K. N yẹn àti P yẹn ló ń jẹ́ náítíréètì àti fọ́síféètì nínú omi táǹkì. Oúnjẹ ẹja ń mú wọn wá, ìgbẹ́ ẹja ń mú wọn wá, omi tí ẹ fi ń kún táǹkì sì lè gbé wọn wọlé. Èyí tó gbẹ̀yìn yìí ni ẹnikẹ́ni kì í wò. Nígbà ọyẹ́, tó lítà mẹ́rin ló ń gbẹ nínú táǹkì mi lóòjọ́, omi kànga ẹlẹ́rọ ni mo sì fi ń dí i. Omi nìkan ló ń gbẹ lọ. Ohun tó yòrò sínú rẹ̀ dúró. Ẹ wo ìdí kẹ́tùrù yín, funfun tó lẹ̀ mọ́ ọn yẹn náà ni. Nígbà tí mo wá ra mítà tí wọ́n ń tì bọ omi láti mọ bí ohun tó yòrò sínú rẹ̀ ṣe pọ̀ tó, omi kànga wa kà 240, píọ̀ wọ́tà kà 60. Mo kán oògùn àyẹ̀wò náítíréètì sínú omi kànga náà, ó pọ́n bíi sobo. Sókàwéè ilé mẹ́ta ló yí i ká, kí ni mo ń retí?

Ẹlòmíì á ní, "Ṣùgbọ́n mo yẹ náítíréètì omi táǹkì mi wò, òdo ló kà." Òdo ni yóò kà, èpò ti jẹ ẹ́ tán! Àwo tó ṣófo níwájú ọmọ tó sanra, ṣé ebi ló ń pa á?

Ẹ jẹ́ ká tiẹ̀ lọ sí òkun gan-an, níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti lè paná. Lọ́dún 1983, àrùn kan kọ lu Diadema jákèjádò òkun Caribbean. Ẹranko ẹlẹ́gùn-ún ni, bí òòrẹ̀ kékeré, èpò ara àpáta ló ń jẹ. Ó ju mẹ́sàn-án lọ nínú mẹ́wàá tó kú. Ní Jàmáíkà, tí wọ́n ti pa ẹja tó ń jẹ èpò ní àpajù tẹ́lẹ̀, èpò bo iyùn mọ́lẹ̀. Oòrùn ọdún 1982 náà ló ràn lọ́dún 1984. Ní Kaneohe ní Hawaii ẹ̀wẹ̀, omi ìgbẹ́ ìlú ni wọ́n ń dà sínú òkun tí èpò fi gbilẹ̀. Wọ́n darí rẹ̀ gba ibòmíì ní 1977 sí 1978, èpò sì bẹ̀rẹ̀ sí í fà sẹ́yìn. Ṣé wọ́n faṣọ bo Hawaii ni?

Ó dáa, èyí pupa tó ń yọ̀ bí ikun, tí kì í tiẹ̀ ṣe èpò gidi, bakitéríà ni, òkùnkùn máa ń dín in kù nígbà míì. Mo gbà. Àwọn tó ní "mo fojú ara mi rí i tó lọ" sì lè padà wá lẹ́yìn oṣù kan.

Èmi ra ẹ̀rọ RO láti Èkó, asẹ́ tó ń yọ ohun tó yòrò kúrò nínú omi, omi tó ń tinú rẹ̀ jáde fẹ́rẹ̀ẹ́ kà òdo. Mo ń ṣan edé dídì kí n tó fún ẹja, ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́ dípò ẹ̀ẹ̀mẹta. Mo kó ìgbín òkun sí i, mo sì ń fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín ha àpáta ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀. Oṣù mẹ́ta ló gbà kí èpò tó lọ, gílóòbù ò sì dín wákàtí kan kù.

Àbúrò yẹn pè mí lánàá, ó ti ká aṣọ kúrò. Mo ní kó bu omi tó fi ń kún táǹkì sínú ike, kó gbé e wá. Mítà wà lórí tábìlì.