Àtúnṣe: Ọmọ tí kò ríran dáadáa lè kàwé, ẹ má gba ìwé lọ́wọ́ rẹ̀

Ẹ̀yin ará wa ní Kubwa àti Nyanya, ohùn kan ń lọ káàkiri lórí WhatsApp. Ó ní bí ọmọ tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa bá ń gbé ìwé súnmọ́ ojú, ìwọ̀nba ìríran tó kù á tán, nítorí náà kí wọ́n má tíì kọ́ ọ ní lẹ́tà.

Kì í ṣe òótọ́. Fífi ojú díẹ̀ tó ní kàwé kò lè mú kó tán. Ó ń gbé ìwé súnmọ́ra kí lẹ́tà lè tóbi ni: láti 40 sẹ̀ǹtímítà sí 20, ó di ìlọ́po méjì lójú rẹ̀.

Ìró lẹ́tà sì rèé, etí ló ni ín. "Bàtà, bàbá, bàlúù", ìró wo ló bẹ̀rẹ̀ wọn? Ọmọ á dáhùn kó tó rí b rárá. Ibi tó le ni àmì abẹ́ ẹ, ọ àti ṣ tiwa yìí. Ọmọ àbúrò mi máa ń ka "ọwọ́" sí "owó" (bóyá owó ló wù ú), àfìgbà tí a fi máákà dúdú kọ ọ́ gàdàgbà sórí pépà funfun, tí àmì abẹ́ rẹ̀ tó ẹyọ ẹ̀wà kan.

Ọmọ tí wọn ò tíì yẹ ojú rẹ̀ wò rí, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú ní ọsibítù ìjọba, tàbí National Eye Centre ní Kàdúná. Ẹ bi wọ́n léèrè ọ̀rọ̀ ohùn yìí pẹ̀lú.

Ẹni tó fi ránṣẹ́ kò ní ibi lọ́kàn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí ránṣẹ́ sí gúrúùpù tí ẹ ti gbọ́ ọ.