Ta ló parọ́ fún yín pé ohùn Yorùbá kì í gba àmúlùmálà?

Wọ́n tún ti bẹ̀rẹ̀. Lánàá, nínú dáńfó tó ń lọ láti Ojúẹlẹ́gba sí CMS, dírẹ́bà gbé orin ọmọbìnrin kan sí i. Kò sí ìlù, kò sí gìtá, ohùn rẹ̀ nìkan ni. Ó fi rárà bẹ̀rẹ̀, ó yà sí orin ìjọ, ó tún wá ń lọ́ ohùn bíi ti àwọn ará Íńdíà inú sinimá. Bàbá kan tó jókòó níwájú mi pòṣé. "Àwọn ọmọ yìí ti ba orin wa jẹ́. Ohùn Yorùbá kì í gba àmúlùmálà." Kọ̀ńdọ́ ní bẹ́ẹ̀ ni o, Bàbá. Dírẹ́bà bá yọ orin náà, ó fi fújì sí i. Ni Bàbá bá bẹ̀rẹ̀ sí í mi orí: "Ẹ̀n-ẹ́n! Orin wa nìyẹn."

N kò lè bá àgbà jiyàn nínú ọkọ̀, àmọ́ ọ̀rọ̀ yẹn ń hó nínú mi títí mo fi sọ̀ kalẹ̀.

Fújì tí Bàbá ń mi orí sí, níbo ló ti wá? Inú wéré ni, orin tí àwọn ọ̀dọ́ fi ń jí mùsùlùmí lóru ààwẹ̀ kí wọ́n lè jẹ sààrì. Èmi náà ṣe ajíwéré ní kékeré ní Múṣin, agogo ni wọ́n máa ń gbé lé mi lọ́wọ́. Ẹni tó bá fẹ́ máa dá orin fún wa, wọn kì í bi í bóyá ó mọ oríkì. Wọ́n á ní kó kéwú ká gbọ́. Bó bá lè fa ohùn gùn, kó gbọ̀n ọ́n, kó lọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹta lẹ́ẹ̀mẹrin kó tó balẹ̀, ó ti wọlé nìyẹn. Ilé kéú la ti kọ́ ohùn yẹn, ọ̀dọ̀ àwọn Lárúbáwá ló sì ti dé ilé kéú. Ẹ gbọ́ olórin fújì nígbà tó bá ń ṣe bìsìmílà tí ìlù ò tíì wọlé: bí ẹ ò bá gbọ́ Yorùbá, ẹ máa rò pé wọ́n ń pe ìrun ni. Orúkọ náà ńkọ́? Síkírù Àyìndé Barrister fúnra rẹ̀ ló ní àwòrán òkè Fuji ti Jàpáànù tí òun rí ní pápákọ̀ òfúrufú ni òun ti mú un.

Gòjé, ohun èlò olókùn inú orin sákárà, ilẹ̀ Haúsá ló ti wá.

Bí ẹ bá sì ní ti òyìnbó ni ẹ ò fẹ́, ó ti pẹ́ jù. Ní 1922, Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti, bàbá tó bí bàbá Fẹlá, kọrin Yorùbá sínú rẹ́kọ́ọ̀dù ní Lọ́ńdọ̀nù, dùrù òyìnbó ló sì ń gbè é. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún. Ṣé ọmọ àná lòun náà ni?

Wọ́n á ní ìjálá ọdẹ àti ẹ̀sà eégún ti wà ṣáájú gbogbo èyí. Ó wà. Ta ló ní kó má wà?

Ibi tí mo lè gbà fún Bàbá kò ju ẹyọ kan lọ: àdàlù mìíràn wà tó dà bí ẹni fi kọsítádì jẹ ẹ̀fọ́. Bí ohùn orin bá ń wọ́ ọ̀rọ̀ sókè níbi tó yẹ kó lọ sílẹ̀, ọkọ̀ á di ọkọ́, kò sẹ́ni tó máa mọ ohun tí olórin ń wí. Ohun tí Ẹ̀kúndayọ̀ Phillips bá jà nìyẹn nígbà tó ń tẹ dùrù ní Cathedral ní Marina, tó ń ṣe orin ìjọ tó bá ohùn Yorùbá mu. Kò torí ẹ̀ lé dùrù jáde.

Ọmọbìnrin inú dáńfó yẹn, kò sí ọ̀rọ̀ kan tó ṣì lẹ́nu rẹ̀, títí kan ibi tó ti ń lọ́ ohùn bí ará Íńdíà. Ó dùn mí pé n ò béèrè orúkọ rẹ̀ lọ́wọ́ dírẹ́bà. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún mi.