“Èmi ni mo fọwọ́ ara mi kọ ọ́” kò tó láti gba oní-géèmù sílẹ̀

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn ọ̀dọ́ tó ń ṣe géèmù ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ní orílẹ̀-èdè Benin níbí gbà gbọ́ bí ẹni gba àdúrà: bí o kò bá ti jí kóòdù olóhun (àṣẹ tí wọ́n ń kọ fún kọ̀ǹpútà kí géèmù lè ṣiṣẹ́), tó jẹ́ pé ìwọ lo jókòó kọ gbogbo rẹ̀, géèmù yẹn ti di tìẹ, kò sẹ́ni tó lè bá ọ ṣẹjọ́. Mo ti gbọ́ ọ ní Wàndó, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu ọmọ Kétu tó ń kàwé ní Kútọnu. Kì í ṣe òótọ́. Ó sì ń dùn mí gan-an, torí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ kára jù ló ń kó sí i.

Àbúrò mi kan lo oṣù mẹ́rin lórí irú géèmù bẹ́ẹ̀: búlọ́ọ̀kù tó ń já bọ́ látòkè, tí èèyàn á máa yí i kó lè tò kún ìlà kan, kí ìlà náà pòórá. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n, Tetris ni. Fóònù tójú rẹ̀ ti sán ló fi ń dán an wò lóru. Ó gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì síbi tí wọ́n ti ń gba géèmù, kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí wọ́n fi yọ ọ́ kúrò, wọ́n ní olóhun fẹjọ́ sùn. Ó pè mí: “Ẹ̀gbọ́n, èmi ni mo kọ gbogbo ẹ̀ o. Mi ò rí kóòdù ẹnikẹ́ni sójú.” Òótọ́ ló sọ. Ṣùgbọ́n kì í ṣe kóòdù ni wọ́n torí ẹ̀ bá a jà.

Ẹjọ́ kan wà tó dà bíi tiẹ̀ gẹ́lẹ́. Ilé iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Xio Interactive ṣe géèmù fún iPhone, wọ́n pè é ní Mino. Wọ́n ti wádìí òfin kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí àwọn tó ni Tetris gbé wọn lọ sí kóòtù ní New Jersey, ní Amẹ́ríkà, wọn ò sẹ́ rárá: wọ́n ní Tetris làwọn wò ṣe é, ṣùgbọ́n ìlànà bí wọ́n ṣe ń ṣe eré náà nìkan làwọn mú, ìyẹn ò sì ní olóhun. Lọ́dún 2012, adájọ́ gbà pé ìlànà bí wọ́n ṣe ń ṣe eré kò ní olóhun, síbẹ̀ ó dá wọn lẹ́bi. Ó ní bí èèyàn bá gbé àwòrán méjèèjì síra, tí wọn ò sọ fún un, kò ní mọ èyí tó jẹ́ Mino. Pátákó Mino fẹ̀ tó àpótí 10, ó ga tó àpótí 20, bíi ti Tetris. Ìrísí búlọ́ọ̀kù bára mu, àwọ̀ rẹ̀ bára mu, títí dórí òjìji tó ń fi ibi tó máa balẹ̀ sí hàn. Èèyàn ì bá lè ṣe eré náà láìsí ìwọ̀nyí.

Ẹ wo ayò. Ihò 12, ọmọ ayò 48, mẹ́rin-mẹ́rin nínú ihò kọ̀ọ̀kan. Kò sẹ́ni tó lè ní òun ló ni bí wọ́n ṣe ń pín in àti bí wọ́n ṣe ń jẹ ẹ́. Bàbá kan ládùúgbò wa ní ọpọ́n kan tí agbẹ́gilére gbẹ́ bí ọ̀nì: ihò tò sẹ́yìn ẹran náà, ìrù rẹ̀ ká sókè, òun ni wọ́n fi ń dì í mú. Bí mo bá gbẹ́ ọ̀nì yẹn gan-an, èékánná dé èékánná, tí mo gbé e lọ sọ́jà, kí ni màá wí fún agbẹ́gilére yẹn? Pé ọ̀bẹ tèmi ni mo fi gbẹ́ ẹ? Ọ̀bẹ tèmi ni lóòótọ́, ọ̀nì tiẹ̀ ni.

Mi ò fẹ́ kẹ́nikẹ́ni torí èyí jáwọ́ o. Lọ́dún 1981, Atari, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe géèmù, pe ẹjọ́ lórí géèmù kan tó ń jẹ́ Meteors, pé ó jọ Asteroids tiwọn. Ìjọra tí wọ́n kà lé ní ogún, Atari sì pàdánù, torí adájọ́ rí i pé kò sí bí èèyàn ṣe lè ṣe eré ọkọ̀ òfuurufú tó ń yìnbọn fọ́ àpáta tí wọn ò ní jọra bẹ́ẹ̀. Lọ́dún 1982, Atari yìí kan náà borí lórí géèmù míì tó ń jẹ́ K.C. Munchkin, torí ó jọ Pac-Man tí Atari ní ẹ̀tọ́ sí. Ọ̀nà kọ́lọkọ̀lọ inú rẹ̀ yàtọ̀ sí ti Pac-Man, ṣùgbọ́n ẹlẹ́nu gbàǹgbà tó ń jẹun kiri àtàwọn iwin tó ń lé e ti jọ ti Pac-Man jù.

Àwọn kan á ní òfin Amẹ́ríkà kọ́ ló ń darí Benin. Àwa náà ní òfin 2005-30 ti ọjọ́ 5 oṣù kẹrin ọdún 2006 tó ń dáàbò bo iṣẹ́ ọpọlọ. Àwọn míì á ní géèmù náà ti pẹ́. Ọdún 1984 ni Tetris délé ayé, àdéhùn Berne, tí àwọn orílẹ̀-èdè jọ ṣe lórí ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ọpọlọ, sì fún ẹni tó ṣe iṣẹ́ ní ọdún 50, ó kéré tán, lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ẹ ṣírò ẹ̀.

Àbúrò mi ti tún un ṣe. Kóòdù tó kọ́kọ́ kọ ló ṣì wà nídìí rẹ̀, ó kàn pa gbogbo ohun tójú ń rí rẹ́. Apẹ̀rẹ̀ tòmátì àti àpò gàrí ló ń já bọ́ báyìí, sórí àtẹ ìyá kan tó fẹ̀ ju pátákó Tetris lọ. Bí ìpele kan bá kún, oníbàárà á wá kó o lọ. Bírò ló fi ya ìyá náà sínú ìwé àjákọ kó tó gbé e wọ kọ̀ǹpútà. Ó gbé e fún mi dán wò lánàá. Tòmátì dà nù mọ́ mi lọ́wọ́ ní ìpele kẹta, ìyá náà káwọ́ lérí, àbúrò mi sì ti ń na ọwọ́ pé kí n gbé fóònù wá.