Thomas Kurtz àti Oore Tó Ṣe Fáwọn Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀

Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Ṣùgbọ́n ọpẹ́ tí kò dárúkọ oore, ọpẹ́ ẹnu lásán ni. Tí a bá ń yin ẹni tó kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní kọ̀ǹpútà, ká sọ ohun tó ṣí kúrò lọ́nà fún un.

Ẹ wo Thomas Kurtz, tó dolóògbé ní oṣù kọkànlá ọdún 2024, lẹ́ni ọdún 96. Kí òun àti John Kemeny, olùkọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀, tó ṣe BASIC, ìyẹn èdè téèyàn fi ń kọ ètò (àwọn àṣẹ fún kọ̀ǹpútà), ní Dartmouth College, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, páálí tí wọ́n lu ihò sí lára ni wọ́n fi ń gbé ètò fún kọ̀ǹpútà. Kurtz a máa kó páálí wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí MIT, yunifásítì mìíràn tí kọ̀ǹpútà wà. Àmì kan péré tó bá ṣì, ó dìgbà mìíràn. Ẹni tó jìn sí kòtò ló ń kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n lóòótọ́. Àmọ́ ẹni tí wọn ò tètè sọ fún pé ó ti jìn, ṣé á ṣì rántí ibi tí kòtò wà?

Kurtz ló gbé àbá náà tọ Kemeny lọ pé kí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ jọ máa lo kọ̀ǹpútà kan náà lẹ́ẹ̀kan. Ìdájí ọjọ́ kìíní oṣù karùn-ún ọdún 1964 ni BASIC kọ́kọ́ ṣiṣẹ́. Bó ṣe rí nìyí:

10 FOR I = 1 TO 5
20 PRINT I, I*I
30 NEXT I
40 END

Akẹ́kọ̀ọ́ á tẹ RUN, ìlà márùn-ún á jáde, láti 1 àti 1 títí dé 5 àti 25. Mẹ́wàá-mẹ́wàá ni wọ́n ń ka ìlà kí àyè lè wà: tó bá gbàgbé nǹkan, á tẹ 15, ẹ̀rọ á fi í sáàárín 10 àti 20. Tó bá gbàgbé NEXT, ẹ̀rọ á sọ fún un, á tún un ṣe nídìí ẹ̀rọ níbẹ̀. Àwọn tí kì í ṣe ọmọ sáyẹ́ǹsì gan-an ni wọ́n ṣe é fún, àwọn ló sì pọ̀ jù ní Dartmouth.

BASIC lábùkù o. GOTO, àṣẹ tó ń ní kí ẹ̀rọ fò lọ sí ìlà mìíràn, a máa lọ́ ètò pọ̀ bí òwú tó ta kókó, Edsger Dijkstra, onímọ̀ kọ̀ǹpútà, ò sì dákẹ́ lórí ẹ̀. Kurtz àti Kemeny fúnra wọn tún BASIC ṣe nígbà tó yá, wọ́n pè é ní True BASIC. Lójú tèmi, àbùkù yẹn ò pa oore rẹ́.

IEEE Computer Society, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà, fún Kurtz lámì-ẹ̀yẹ Computer Pioneer ní 1991. Tíṣà tó bá fẹ́ dúpẹ́ tirẹ̀, kó wò ó bóyá inú ìwé làwọn ọmọ ṣì ń kọ ètò sí, tí wọ́n ń dúró de máàkì. Kó fi méjì-méjì wọn sídìí ẹ̀rọ kan, kí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ yọ àmì : kúrò níparí ìlà for nínú Python, èdè kọ̀ǹpútà òde òní, kí wọ́n sì ka ohun tí ẹ̀rọ bá sọ kí tíṣà tó lanu.