Ẹ Wo Ìdí Eyín Ọmọ Kí Ẹ Tó Sọ Ọ́ Nù

"Eyín ọmọdé ṣáà ni, òmíràn á hù." Ohun tí a máa ń sọ nìyí bí eyín iwájú ọmọ ọdún 2 tàbí 3 bá jábọ́. Ọ̀rọ̀ ìtùnú ni, àmọ́ kì í ṣe òótọ́ nígbà gbogbo.

Nǹkan bí ọdún 6 ni eyín àkọ́kọ́ máa ń jábọ́. Eyín àgbà tó ń bọ̀ nísàlẹ̀ ti máa ń jẹ́ kí gbòǹgbò eyín ọmọdé náà yọ́ dànù. Ẹ gbé e sí àtẹ́lẹwọ́: kúkúrú ni, ìdí rẹ̀ rí págunpàgun. Ṣùgbọ́n bí eyín bá jábọ́ kí ọmọ tó pé ọdún 5, tí ọmọ ò ṣubú, tí kòkòrò ò jẹ eyín náà, tó sì jáde tòun ti gbòǹgbò rẹ̀ gígùn ṣóńṣó bí ìṣó tí wọ́n fà yọ, ẹ fura.

Ó lè jẹ́ hypophosphatasia, àìsàn egungun àbímọ́ tí kò wọ́pọ̀, tí Dókítà Rathbun ní Kánádà fún lórúkọ ní 1948. Àbùkù ara jíìnì ALPL kì í jẹ́ kí èròjà ara tí wọ́n ń pè ní alkaline phosphatase tó nínú ara. Láìsí i, egungun ò ní le dáadáa, ohun tó lẹ gbòǹgbò eyín mọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ náà ò sì ní dúró.

Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ló máa fi hàn, ibẹ̀ gan-an ló sì ń ká mi lára. Alkaline phosphatase yìí máa ń pọ̀ lára ọmọdé ju ti àgbà lọ. Bí wọ́n bá fi òṣùwọ̀n àgbà wo ti ọmọ, èyí tó kéré jù á dà bí ẹni pé ó pé. Ẹ bi wọ́n léèrè: "Ṣé òṣùwọ̀n ọjọ́ orí ọmọ yìí lẹ lò?" Ẹ má sì sáré ra kálísíọ̀mù fún un, ó lè ti pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, pàápàá bó bá jẹ́ ọmọ ọwọ́.

Àwọn àìsàn egungun àbímọ́ mìíràn wà tó máa ń hàn lára eyín. Nínú cleidocranial dysplasia, eyín ọmọdé ló máa kọ̀ tí kò ní jábọ́, àwùjẹ̀ á sì pẹ́ kó tó dí. Eyín tó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ tàbí tó ṣú bí eérú, pẹ̀lú funfun ojú tó fẹ́ dà bí aró, lè jẹ́ osteogenesis imperfecta, àìsàn tí egungun fi ń tètè kán. Wọ́n á sì máa bá ìyá wí pé kò fọ ẹnu ọmọ!

Láti 2015 ni abẹ́rẹ́ asfotase alfa ti wà fún hypophosphatasia tó bẹ̀rẹ̀ ní kékeré. Nítorí náà, ẹ fi eyín yẹn sínú ike mímọ́, ẹ kọ ọjọ́ tó jábọ́ sára rẹ̀, kí ẹ gbé e dání lọ bá dókítà eyín.