Ẹ Dá Ìrọ̀lẹ́ Ọmọ Padà Fún Un

Ẹ̀yin òbí, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìnáwó ilé-ìwé. Ọ̀rọ̀ yìí ti wà lọ́kàn mi tipẹ́, sáà tuntun tó ń bọ̀ yìí ni mo sì rí i pé ó yẹ kí n sọ ọ́ síta. Pírámárì kìíní ni mò ń kọ́ l'Ékòó, àwọn ọmọ ọdún márùn-ún sí méje. Ohun tí mo ní í sọ kò ju ẹyọ kan lọ: ọmọ kékeré tí ẹ fẹ́ kó mọ̀wé, ẹ jẹ́ kó sùn, ẹ jẹ́ kó ṣeré, ẹ jẹ́ kó máa gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu yín. Ìrọ̀lẹ́ ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta máa ń rí ààyè. Ìrọ̀lẹ́ yẹn gan-an la sì ti gbà lọ́wọ́ wọn.

Ẹ wo bí ọjọ́ ṣe ń lọ fún ọmọ ọdún mẹ́fà tó ń gbé ní Ìkòròdú, tí ilé-ìwé rẹ̀ wà ní apá Kétu nítorí pé ibẹ̀ ló sún mọ́ ibi iṣẹ́ ìyá rẹ̀. Aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí ni wọ́n ń jí i. Ojú oorun ni wọ́n ti ń wẹ̀ fún un, inú ọkọ̀ ló ti ń jẹ búrẹ́dì. Aago méjì ọ̀sán ni ilé-ìwé ń parí, àmọ́ kò níí lọ sílé, yóò tún wọ ẹ̀kọ́ àfikún tí gbogbo wa ń pè ní lẹ́sìn títí di aago mẹ́rin. Bí ìyá rẹ̀ ò bá tètè dé, yóò jókòó sẹ́nu géètì, báàgì á wà lẹ́yìn rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ló kan sún kẹẹrẹ fà kẹẹrẹ ti Mile 12. Tí wọ́n bá fi máa délé, aago méje ti lù. Wọ́n á jẹun, iṣẹ́ àṣetiléwá á délẹ̀: ìṣirò ojú ewé méjì, àkọtọ́, ìkọ̀wé. Aago mẹ́wàá ni ọmọ ń fẹ̀yìn lélẹ̀.

Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀. Láti aago mẹ́wàá alẹ́ sí mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí, wákàtí mẹ́fà ààbọ̀ ni. Ẹgbẹ́ àwọn dókítà tó ń rí sí oorun ní Amẹ́ríkà, American Academy of Sleep Medicine, sọ pé wákàtí 9 sí 12 ni ọmọ ọdún mẹ́fà sí méjìlá nílò láàárín ọjọ́ kan. Ti ọmọ ọdún mẹ́ta sí márùn-ún tún jù bẹ́ẹ̀ lọ, 10 sí 13 ni, tí a bá ka oorun ọ̀sán mọ́ ọn. Bí a bá tiẹ̀ mú èyí tó kéré jù, ọmọ wa ń pàdánù wákàtí méjì ààbọ̀ lálaalẹ́. Tó bá fi máa di ọjọ́ Jímọ̀, gbèsè oorun tó wà lọ́rùn rẹ̀ ti ju odindi òru kan lọ. Bẹ́ẹ̀, ojú oorun ni ọpọlọ ti ń to ohun tí ọmọ kọ́ lọ́sàn-án jọ kó lè dúró síbẹ̀. A ń san owó ẹ̀kọ́, a wá ń gba àkókò tí ẹ̀kọ́ náà ì bá fi wọlé sórí ọmọ.

Èmi ni mò ń rí àbájáde ẹ̀. Ọmọkùnrin kan wà ní kíláàsì mi, ọmọ tó mọ̀rọ̀ọ́ sọ, tó máa ń béèrè ohun tí mi ò retí lẹ́nu ọmọdé. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, bí aago mẹ́wàá, à ń kọ lẹ́tà "g". Mo dúró lẹ́yìn rẹ̀, mo ń wo ọwọ́ rẹ̀. Ó kọ àkọ́kọ́, ó dáa. Ó bẹ̀rẹ̀ ìkejì, ìrù rẹ̀ ń gùn, ó kọjá ìlà tó yẹ kó dúró sí, ó kọjá ìlà tó tẹ̀ lé e, pẹ́ńsùlù ń rọra fà lọ sísàlẹ̀ títí ó fi kan etí ìwé. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti wà lórí ìwé nígbà yẹn, itọ́ ti rin ibi tó kọ. Mi ò jí i. Nígbà tó lajú, ó ní, "Àǹtí, ṣé ilẹ̀ ti ṣú ni?" Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín ò wá sí mi lẹ́nu rárá, torí mo mọ̀ pé nínú káàdì èsì rẹ̀ ti sáà tó kọjá, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọ̀lẹ ni.

Mi ò bá òbí kankan jà o. Ìyá tó ń jí ọmọ ní aago mẹ́rin ààbọ̀, òun fúnra rẹ̀ ti jí ṣáájú. Mo sì mọ ìdí tí lẹ́sìn fi wà. Ìdajì rẹ̀ kì í ṣe torí ìwé. Kò sí ẹni tó máa wo ọmọ sílé ni. Màmá àgbà wà ní Ìjẹ̀bú, bàbá wà níbi iṣẹ́, ìyá wà ní ṣọ́ọ̀bù, ta ni yóò dúró ti ọmọ láti aago méjì sí mẹ́fà? Ọ̀rọ̀ gidi nìyẹn, mi ò sì ní fi ẹnu lásán fọ́ ọ. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá máa dúró sílé-ìwé di aago mẹ́rin, ta ló ní dandan ni kó tún máa da ìwé kọ? Wákàtí méjì yẹn tó fún oorun ọ̀sán díẹ̀, ó tó fún bọ́ọ̀lù, ó tó fún ìtàn àti orin. Iye owó kan náà lẹ máa san, tíṣà kan náà ló máa dúró tì wọ́n. Tí ẹ bá bi onílé-ìwé, yóò ní ẹ̀yin òbí lẹ ń béèrè, pé bí ìwé ọmọ ò bá kún, ẹ máa ń bínú. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀.

Iṣẹ́ àṣetiléwá náà, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́. Èmi tíṣà mọ ọwọ́ ìkọ̀wé ìyá yàtọ̀ sí ti ọmọ. Tí mo bá ṣí ìwé láàárọ̀ tí mo rí "8" tó dúró ṣánṣán, mo ti mọ ẹni tó kọ ọ́. Kò bí mi nínú, àánú ló ń ṣe mí, torí mo mọ̀ pé aago mẹ́sàn-án alẹ́ ni wọ́n jọ ń sunkún lórí ẹ̀. Fún ọmọ ọdún mẹ́fà, ogún ìṣẹ́jú ti tó. Tí kò bá parí láàárín ogún ìṣẹ́jú, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé, "Ó rẹ̀ ẹ́, ó ti sùn," kí ẹ sì fọwọ́ sí i. Tíṣà tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ ò níí bá ọmọ wí fún ìyẹn.

Ní ti jẹ́lé-ó-sinmi, ìyẹn tún wá le ju èyí lọ. Ọmọ ọdún méjì ààbọ̀ ni wọ́n ń fi pẹ́ńsùlù há lọ́wọ́. Egungun mẹ́jọ ló wà ní ọrùn ọwọ́ èèyàn. Nígbà tí a bí ọmọ, kèrékèré ni gbogbo wọn, ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ń di egungun líle lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọwọ́ yẹn ò tíì tó ohun tí à ń fagbára mú lé e. Ẹ fún un ní amọ̀ kó fi mọ màlúù. Ẹ jẹ́ kó fìka kọ nǹkan sórí iyẹ̀pẹ̀. Ẹ jẹ́ kó bá màmá àgbà ṣẹ́ ẹ̀gúsí, kó máa fi àtàǹpàkò àti ìka ìlábẹ̀ mú un lọ́kọ̀ọ̀kan, bí kò tiẹ̀ ṣẹ́ ju abọ́ kékeré kan lọ. Ìka tó lè ṣẹ́ ẹ̀gúsí láì fọ́ ọ, ẹ máa rí bó ṣe máa di pẹ́ńsùlù mú tó bá yá.

Ọ̀rọ̀ eré ló tún kàn. Ẹ̀rù máa ń ba àwọn òbí tí mo bá pe orúkọ ẹ̀, wọ́n á ní, "Àǹtí, eré ti pọ̀ jù lọ́wọ́ ẹ̀." Mo wá gbé ọpọ́n ayò lọ sí kíláàsì. Ilé méjìlá, ọmọ ayò mẹ́rin mẹ́rin, méjìdínláàádọ́ta lápapọ̀. Kí wọ́n tó ta á rárá, wọ́n ti ṣe ìṣirò tí wọn ò mọ̀ pé ìṣirò ni. Ọmọbìnrin kan wà láàárín wọn tí ojú rẹ̀ máa ń fà ro tí mo bá ti kọ iye sí pátákó. Nígbà tó kan án, ó ká ọwọ́ kejì sẹ́yìn, ó na ìka sókè láì kan ọmọ ayò kankan, ó ń fìka náà tọ ilé kọ̀ọ̀kan, ètè rẹ̀ ń mì. Ó fẹ́ mọ ibi tí èyí tó gbẹ̀yìn máa bọ́ sí kó tó kó o ni. Ó padà sẹ́yìn, ó gbìyànjú ilé mìíràn, ó tún kà á. Lẹ́yìn náà ló kó o, ó pín in yíká, ó sì jẹ. Ariwo tó pa kọjá ògiri kíláàsì. Ọmọ tí wọ́n ní ìṣirò ò yé nìyẹn o, tó ń ro nǹkan síwájú kó tó ṣe é, láì sí ẹni tó nà án.

Tẹ́ń-tẹ́ń náà ń kọ́ ọmọ bí a ṣe ń tẹ̀ lé ìlù. Súwe ń kọ́ ọ bí a ṣe ń dúró lórí ẹsẹ̀ kan, bí a ṣe ń gbà pé a pàdánù láì jà. Fóònù ò ṣe èyíkéyìí nínú wọn, ẹ má sì jẹ́ ká máa pe fóònù tí a gbé lé ọmọ lọ́wọ́ ní eré.

Ọ̀rọ̀ ẹnu wá ńkọ́? Ẹ̀yin tí ẹ ní ẹ ò gbọdọ̀ sọ Yorùbá sí ọmọ kó má baà ṣòro fún un nílé-ìwé, ẹ fetí sí ohun tí ẹ ń fi Gẹ̀ẹ́sì bá a sọ láàárín ọjọ́ kan. Wá síbí. Jókòó. Jẹun. Dákẹ́. Lọ ṣe iṣẹ́ ẹ. Àṣẹ ni gbogbo rẹ̀. Kò sí ìtàn níbẹ̀, kò sí "kí ló fà á", kò sí "kí lo rò pé ó máa ṣẹlẹ̀". Ọmọ tí kò bá gbọ́ ju àṣẹ lọ, ọ̀rọ̀ tó máa gbé wá sí kíláàsì ò ní pọ̀, yálà ní Yorùbá tàbí ní Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ fi èdè tó yọ̀ mọ́ yín lẹ́nu bá a sọ̀rọ̀. Nínú sún kẹẹrẹ fà kẹẹrẹ yẹn, ẹ pa á lálọ̀ọ́: ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kanlẹ̀, ó kànrun, kí ni o? Ẹ jẹ́ kó rò ó láti Mile 12 dé Ọ̀wọ́dé kí ẹ tó sọ fún un pé òjò ni.

Wọ́n ti dán èyí wò nílẹ̀ wa. Lọ́dún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní ilé-ìwé St. Stephen's ní Mọdákẹ́kẹ́, gbogbo iṣẹ́, fún odindi ọdún mẹ́fà, tí Gẹ̀ẹ́sì sì dá dúró gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan láàárín wọn. Nígbà tí wọ́n fi wọ́n wé àwọn tó yí sí Gẹ̀ẹ́sì láti pírámárì kẹrin, àwọn tó fi Yorùbá kẹ́kọ̀ọ́ jálẹ̀ ló ṣe dáadáa jù, kódà nínú Gẹ̀ẹ́sì. Ó dùn mí wọra pé lóṣù kọkànlá ọdún 2025, ìjọba àpapọ̀ fagi lé ìlànà ọdún 2022 tó ní kí a máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ ní pírámárì. Àmọ́ ìjọba ò lè fagi lé èyí tí ẹ ń sọ nínú ilé yín.

Ohun tó ń dẹ́rù bà mí jù lọ ni kíkán ọmọ lójú, kí ó fo kíláàsì. Nígbà tí ìjọba Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn lóṣù kìíní ọdún 1955, ọ̀pọ̀ ọmọ ni kò níwèé ìbí. Láti mọ̀ bóyá ọmọ ti tó wọ ilé-ìwé, wọ́n á ní kó na ọwọ́ gba orí kọjá, bí kò bá kan etí kejì, kó padà sílé. Lónìí, ọmọ ọdún mẹ́rin wà ní pírámárì kìíní, wọ́n á mú un láti pírámárì karùn-ún bọ́ sí girama, yóò wá máa bá ọmọ ọdún méjìlá jókòó ní ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Ariwo tó sọ lọ́dún 2024, nígbà tí mínísítà ẹ̀kọ́ ìgbà náà ní ọmọ gbọ́dọ̀ pé ọdún 18 kó tó wọ yunifásítì, tí ẹni tó rọ́pò rẹ̀ sì dá a padà sí 16, ó fi hàn wá bí àwọn ọmọ tí a ti kán lójú ṣe pọ̀ tó. Bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí wọ́n fi kábáàdì pọ́n ni: èèpo rẹ̀ ti pọ́n yòò, inú rẹ̀ ò tíì gbó. Ọmọ náà lè mọ̀wé kó sì gba ipò kìíní. Ẹ lọ wo ọmọ ọdún mẹ́sàn-án yẹn láàárín àwọn tó ti ń bàlágà nígbà tí wọ́n bá ń ṣeré, ẹ wo ẹni tó ń bá ṣeré.

Ẹ̀tọ́ ni eré jẹ́ fún ọmọ. Ó wà nínú òfin ẹ̀tọ́ ọmọ tí Nàìjíríà ṣe lọ́dún 2003, ní apá kejìlá rẹ̀, pé ọmọ ní ẹ̀tọ́ sí ìsinmi àti sí eré tó bá ọjọ́ orí rẹ̀ mu.

Nítorí náà, ní ìpàdé òbí àti tíṣà tó ń bọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde. Ẹ bi wọ́n pé wákàtí mélòó ni ọmọ yín fi ń wà ní pápá lọ́sẹ̀. Ẹ bi wọ́n bóyá pápá tiẹ̀ wà. Ẹ ní kí wọ́n dín iṣẹ́ àṣetiléwá kù, kí wọ́n sì yí lẹ́sìn àwọn ọmọ kékeré padà sí eré àti oorun. Bí wọ́n bá ní àwọn òbí yòókù ò ní gbà, ẹ ní kí wọ́n bi wọ́n níbẹ̀ lójú gbogbo wa. Àwa tíṣà tó máa jókòó lẹ́yìn, ọ̀pọ̀ wa ò lè dá a sọ níwájú ọ̀gá, ṣùgbọ́n tí òbí kan bá ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, a máa kín in lẹ́yìn.