Irọ́ ni fóìsì nóòtì owó orí yẹn o
Ẹ̀yin ará Òṣogbo, fóìsì nóòtì tó ń lọ lórí WhatsApp pé tí ìwé owó orí ìjọba àpapọ̀ bá ti dé, àfi kéèyàn háyà lọ́yà ńlá l'Ábújá tàbí kó sanwó, kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Láti ọjọ́ tẹ́ẹ bá ti gba ìwé yẹn, òfin fún yín ní ọjọ́ 30 láti kọ lẹ́tà pé ẹ ò gbà, kẹ́ẹ sọ ìdí ẹ̀ àti iye tẹ́ẹ rò pó tọ́. Tí àwọn agbowó orí bá kọ̀, Tax Appeal Tribunal, ìyẹn ibi tí wọ́n ti ń gbọ́ ẹjọ́ owó orí, wà, tiwa wà n'Ìbàdàn, ẹ lè dá lọ, ẹ sì lè mú lọ́yà tàbí akáǹtáǹtì dání. Àǹtí mi kan l'Ọjà Ọba ká ìwé tiẹ̀ sínú báàgì, ọjọ́ 26 ti lọ kó tó fi hàn mí, àyà mi já! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọjọ́ tẹ́ẹ gbà á sórí ẹ̀.